Onílù Tó Ń Fo Fẹ́ǹsì

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń lu ìlù fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún gádínnì ọlọ́tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan náà. Fẹ́ǹsì ló ń fò.

Fẹ́sítáàkì ni, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí à ń gbé sórí tábìlì káwọn èèyàn lè rí i. Ọ̀gá mi níléeṣẹ́ ìròyìn ní kí n kọ nípa àwọn ibi tí èèyàn ti lè wo eré ojúkojú lágbègbè náà. Mo ti kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn kan ní Raji Rasaki, níbi tí aláwàdà ti ń rẹ́rìn-ín ju àwa tí a sanwó lọ. Gádínnì yìí ló wá wù mí: pẹpẹ súùpù ẹja àrọ̀, akọrin tí ohùn rẹ̀ dùn, àti àwọn tó ń ta sípíà páàtì ní Tiréèdì Fíà tí wọ́n ń jó bíi pé ọjọ́ Ajé ò ní í mọ́.

Àmọ́ bí orin bá ti wọra, ìlù á dáwọ́ dúró, onílù á pòórá. Kò ní í pẹ́ tí ìlù á fi bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bi opó tó ni gádínnì náà: "Àǹtí, ṣé onílù yín kọ́ ni mò ń gbọ́ lọ́hùn-ún yẹn?"

"Bọ̀dá oníròyìn, ẹ jẹ ẹja yín. Ẹni tó ń jẹ ẹja kì í sọ̀rọ̀, kí egungun má baà há a lọ́fun."

Onílù fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí nígbà tó padà dé, tó ń nu òógùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni ìlù ṣọ́ọ̀ṣì wà. Tí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀, mo ti fò wá síbí nìyẹn. Pásítọ̀ rò pé inú ló ń run mí. Ìjọ ti gbààwẹ̀ lórí ikùn mi."

"Ṣé ara ti wá yá?"

"Tó bá yá pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ kan bọ́ nìyẹn."

Wàhálà dé nígbà tí pásítọ̀ fẹjọ́ gádínnì sun káńsù. Ó bu díẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀: ó ní ìlù wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìlù ìjọ òun. Bí wọ́n bá sì ti gádínnì pa, oúnjẹ bọ́ lẹ́nu opó náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọ̀gá kan láti káńsù wá dúró lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì lù, gádínnì dákẹ́. Gádínnì lù, kò sí ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Pásítọ̀, ìlù wo ló ń bo ìlù?" ni ọ̀gá náà bi í. "Bí ẹ bá ń lù, wọ́n á dúró dè yín. Irú aládùúgbò báyìí ò sí ní gbogbo Àmúwo!"

"Sà, àrékérekè ni! Torí pé wọ́n rí yín ni wọ́n ṣe ń ṣe jẹ́jẹ́."

Àǹtí dá a lóhùn láti ìdí ìkòkò ẹja: "Pásítọ̀, ẹ ò ṣe kúkú dúpẹ́ pé Olúwa ti gbọ́ àdúrà yín?"

Ni ọ̀gá káńsù bá dájọ́. Bó ṣe ń là á kalẹ̀, onílù di ikùn mú. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ń run ún lóòótọ́. Ó yọ́ sọ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti lu ìlù rí?"

Ohun tí káńsù sọ ni pé àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀ṣì àti gádínnì gbọ́dọ̀ lu ìlù lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń bo ìkejì. Ẹ̀gbẹ́ tó bá kọ̀ tí kò lù, òun ló jẹ̀bi.