Ike Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Tí Mummy Ṣakí Gbé Fún Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa kí n ro ẹjọ́ yìí fún yín, torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí nínú.

Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde ni. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìkòsí, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Mò ń ṣiṣẹ́ ní lab kan ní Kétu, mo sì ń ṣe masters lọ́wọ́. Ẹ mọ ohun tí project mi dá lé? Ikọ́ ẹ̀gbẹ, TB tí gbogbo ayé ń sá fún!

Ẹ má bínú, mo máa ṣe tíṣà díẹ̀. Kòkòrò tó ń fa ikọ́ yìí ní DNA tiẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo àṣẹ tó ń tẹ̀ lé wà. Àwọn protein kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń dì mọ́ DNA yẹn níbi kan pàtó. Ibi tí wọ́n bá dì mú ló ń sọ àṣẹ tó máa ṣiṣẹ́ àti èyí tó máa dákẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ́n fún kòkòrò náà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀kan nínú àwọn protein yìí á dì mọ́ DNA, kòkòrò á sì sùn. Ó lè sùn fún ọdún gbọọrọ! Ẹni tó ń gbé e kiri ò ní mọ nǹkan kan. Bí agbára ara ẹni náà bá wá lọ sílẹ̀, àṣẹ á yí padà, protein mìíràn á gba iṣẹ́, kòkòrò á jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara jẹ́. Àwọn protein tó ń pàṣẹ ìwà burúkú yẹn ni mò ń lé kiri nínú project mi. Ó parí, tíṣà ti jókòó.

Mo wá bí Tòbí, àkọ́bí mi. Ìyá tó bí mi ti kú tipẹ́. Àbúrò wọn ló tọ́ mi dàgbà, àwọn ni mò ń pè ní Mummy Ṣakí. Ta ni ì bá tún wá wẹ ọmọ fún mi? Ọjọ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta pẹ̀lú àpò èlùbọ́, ńṣe ni mo sunkún ayọ̀.

Ẹ wá wo ọwọ́ wọn lára ọmọ! Wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jó o, wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á hán an. Tí wọ́n bá parí, àyà wọn ni Tòbí máa ń sùn sí.

Àmọ́ Mummy ń wúkọ́. Mo bi wọ́n, wọ́n ní eruku ọ̀nà ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ata Ìyá Sàídì ni. Ìyẹn sì jọ òótọ́, torí Ìyá Sàídì, tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa, ń ta ata gbígbẹ ní Mile 12, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń to àpò ẹ̀ sí. Gbogbo ilé ló ń sín!

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo mú ike lab wálé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ sínú ẹ̀. Wọ́n ní ṣé èmi tí àwọn fi ẹnu fa ikun nímú ẹ̀ ní kékeré ló ń gbé ike fún àwọn. Ojú tì mí burúkú.

Ní lab, a máa ń dúró ti aláìsàn títí á fi tu ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ló máa dúró, tí á máa wo ìyá ẹ̀ lẹ́nu níbi tó ti ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀? Èmi ò lè ṣe é o. Wọ́n gba ike, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, wọ́n sì gbé e padà fún mi. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gidi ni, ó ki dáadáa.

Èmi fúnra mi ni mo ṣe test náà. Mo wò ó lábẹ́ microscope, mo tún un wò. Kòkòrò kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀! Mo sáré délé, mo bẹ Mummy pé kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Ẹ gbọ́ o, àwọn ti dárí jì MÍ!

Nígbà tí Tòbí pé oṣù mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Ibà ò lọ, ọmú ò wù ú. A tọ́jú malaria, a tọ́jú òtútù àyà, pàbó. Dókítà àwọn ọmọdé bi mí bóyá ẹnì kan ń wúkọ́ nílé. Mo fi gbogbo ẹnu sọ pé ikọ́ ata lásán ni, pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Ó gbà mí gbọ́ torí òṣìṣẹ́ lab ni mí. Bá a ṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn ṣòfò nìyẹn, tí ọmọ mi ń kú lọ lójú mi.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mò ń sá aṣọ, ni Ìyá Sàídì ti ọjà dé. Ó ní, “Dókítà wa, o ò tiẹ̀ fọhùn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ńkọ́?”

Mo ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wo?

Ó ní èyí tí Mummy gbà lọ́wọ́ òun ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ike. Wọ́n sọ fún un pé mo fẹ́ bá a wo ohun tí ata ń ṣe fún un láyà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tiẹ̀ tún ń ṣàdúrà fún mi!

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wọlé, mo bá Mummy lórí bẹ́ẹ̀dì, Tòbí wà láyà wọn. Mo já ọmọ mi gbà.

Wọn ò jiyàn. Wọ́n ní àwọn ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí ní Ṣakí. Wọ́n lo oògùn fún oṣù méjì, ara wọn yá, wọ́n dá a dúró, torí ojú ń tì wọ́n kí wọ́n máa rí wọn pẹ̀lú oògùn, àwọn ará ilé ti ya ife omi wọn sọ́tọ̀. Wọ́n rò pé ó ti lọ. Kò lọ o, ó sùn ni! Ohun tí mò ń kà nínú ìwé lójoojúmọ́ ti jí láyà ìyá mi, nínú yàrá mi!

Èmi tí mi ò gbójú sókè wò wọ́n rí, mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní, “Mummy, ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì ń gbé ọmọ mi sáyà!”

Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Fúnkẹ́, ká ní mo sọ fún ọ, ṣé wàá jẹ́ kí n gbé e?”

Mo ní rárá.

Ọjọ́ yẹn gan-an la padà sọ́dọ̀ dókítà, àṣé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe Tòbí náà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń lọ oògùn sínú omi fún ọmọ ọwọ́. Ọlọ́run ṣàánú mi, Tòbí yè. Mummy náà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n sì lò ó parí lọ́tẹ̀ yìí, lójú nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí mo bí ìkejì, wọ́n tún dé. Ara wọn ti mọ́ pátápátá, mo dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń tu ti àyẹ̀wò, mi ò gbójú kúrò. Síbẹ̀, èmi ni mo wẹ ọmọ fúnra mi. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní kí n gbé e wá. Mo ní ó ń sùn. Ọmọ náà lajú sílẹ̀, ó ń wò wá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nílé yín, ẹ dúró tì í níbi àyẹ̀wò, bó ti wù kó dàgbà tó. Tó bá sì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìtìjú ife omi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Ṣakí ló kọ́ ìyá mi ní irọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán ti fi àìsàn pamọ́ fún yín rí? Ẹ sọ tiyín, mò ń kà á. Kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún mi: ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa gbé ọmọ ìkejì yẹn fún wọn?