Omi Kànga Tí Ìyá Ọkọ Mi Wá Tọ́ Wò

Ìyá ọkọ mi bẹ̀rù sòbìà ju ejò lọ. Aràn inú omi yìí ti mú un lẹ́sẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, láti ìgbà náà ni kò sì ti gbẹ́kẹ̀ lé omi ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, káfíńtà ará Koro tí mo fẹ́ràn débi pé oúnjẹ kì í wọlé fún mi lọ́jọ́ tí n kò bá rí i, sọ fún un pé ọmọ Òsí lòun fẹ́ fẹ́, ó ní kò burú. Òun yóò wá mu omi nílé wa lójú gbogbo ènìyàn. Bí òun bá gbé ife sílẹ̀ láìmu, kí ọmọ òun máa wá ìyàwó lọ síbòmíràn.

Ẹ wo irú ìyọnu! Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbàdúrà kí ọbẹ̀ wọn dùn lẹ́nu ìyá ọkọ, èmi ń gbàdúrà fún kànga.

Ìgbà náà kò tíì pẹ́ tí bàbá mi gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé, ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Wolé-wolé ló fún un ní agolo ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní kilorínì. Ó ní kó po ṣíbí kan mọ́ omi nínú garawa, kó dà á sínú kànga nírọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì pọn ọ́n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ó ní, “Bó bá kéré jù, kòkòrò ò ní kú. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀yin gan-an ò ní lè mu ún.”

Gbogbo ilé ló gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí nílé wa, a kì í bi àgbà léèrè bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àfojúdi ni. Bàbá mi gbà pé òun tí òun gbẹ́ kànga ló ni ìtọ́jú rẹ̀. Màmá mi gbà pé ìyàwó ilé ló ni omi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, opó tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, gbà pé ohunkóhun tí a bá fẹ́ gbé síwájú àna, ọwọ́ ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ ti kọjá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà, bàbá mi da ṣíbí tirẹ̀ sí i, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi da tirẹ̀, torí ó ní ọkùnrin a máa gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tilẹ̀ wá ṣíbí. Ó fi ọwọ́ bù ú, bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ àlejò púpọ̀.

Láàárọ̀, òórùn kànga náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bí mo ti ń pariwo ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi jáde, iwájú ìró aró rẹ̀ ti di funfun tóótòòtó.

Màmá mi wò ó. “Ọkọ mi, kí ló ṣe aṣọ yín?”

“Ìrì ni.”

Bàbá mi wúkọ́, ó wo òkè. Mo ní kí n sáré lọ pọn omi odò, ó bú mọ́ mi pé ṣé sòbìà ni mo fẹ́ gbé fún àna òun. A bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi náà dànù kí òórùn rẹ̀ lè dín kù, ṣùgbọ́n a kò fà á jìnnà tí àwọn àlejò fi dé.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé ife fún ìyá náà. Ó gbé e súnmọ́ imú, gbogbo ojú rẹ̀ sì ká jọ.

“Omi kí rè é o? Àbí ẹ fọṣọ sí i ni?”

Bàbá mi ní, “Oògùn ni, ìyá. Sòbìà kan ò lè gbé inú ẹ̀.”

“Sòbìà kẹ̀? Ènìyàn gan-an kè é lè gbé inú ẹ̀! Ṣé ohun tí ẹ ń mu ní ulé yín rè é?”

Ó ti ń gbé ife náà sílẹ̀. Mo ti rí ara mi bí mo ṣe ń dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn láìlọ́kọ.

Káfíńtà mi, tó jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà, nawọ́ gba ife náà. Ó mu ún láìmí, ó mu ún dé ìsàlẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó dojú ife dé kí gbogbo wa lè rí i.

“Ó dùn, màmá,” ló wí, òsúkè sì gbé e.

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá mi. “Láti kékeré ni mo ti ń bá eléyìí ja ìjà àgbo. Kò mu ife kan tán fún mi rí.” Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ fún un ní ọmọ yín.”

Mo bú sẹ́kún lórí ìkúnlẹ̀ mi. Àwọn àna ní kí ẹnikẹ́ni má dá mi lẹ́bi, pé òórùn omi náà ló ń ta mí lójú.