Ẹ̀dà Tó Wà Lórí Alhaji

Kò sí kọ̀ǹpútà tí mi ò lè tún ṣe ní ọjà Gamboru. Mo ti ń sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, mo ṣì ń sọ ọ́ títí di òní, torí òótọ́ ni. Ọdún kan péré ni mo lò ní poli. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọdún méjì kọ́ wa, mo ti rí i lórí fóònù, mo bá fi tiwọn sílẹ̀.

Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ará Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà ní Maiduguri kí wọ́n tó bí mi. Fìlà zanna ni wọ́n ń ṣe, fìlà gíga ọlọ́nà tí àwọn ará Borno máa ń dé lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ibi ìgbéyàwó. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọnà ara ẹ̀. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n ra ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Wọ́n á ya ọnà sínú kọ̀ǹpútà, abẹ́rẹ́ á máa tẹ̀lé e. Gbogbo ọnà tí wọ́n yà láti ìgbà yẹn, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yẹn ló wà.

Kọ̀ǹpútà náà wá darúgbó. Tó o bá tàn án láàárọ̀, wàá lọ ra kosai, àkàrà àwọn Hausa, wàá jẹ ẹ́ tán, wàá padà dé, kò ní tíì ṣí. Àsìkò yẹn gan-an ni Alhaji kan láti àdúgbò Bolori, oníbàárà wa àtijọ́, wá ní kí a ṣe ogójì fìlà fún ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ọnà tó wà lára fìlà orí wọn ni wọ́n fẹ́. Bàbá mi ló ṣe é fún wọn, ó ti pẹ́. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Alhaji wo kọ̀ǹpútà náà, wọ́n fi Hausa bi mí pé, "Èyí ò ní dójú tì mí?"

Mo ní, "Alhaji, èèyàn ló ń gbàgbé. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé."

Mo sọ fún Bàbá mi pé màá fọ Windows àtijọ́ dànù, màá fi tuntun sí i.

Wọ́n ní, "Ọnà mi ńkọ́?"

"Màá kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo inú ẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Tí nǹkan kan bá bàjẹ́, a kàn máa dá a padà ni."

"Níbo lo máa kó àwòrán náà sí? Ṣé kí a ra háàdì míì?"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Bàbá. Ẹ má náwó."

Inú kọ̀ǹpútà náà, háàdì kan ló wà, tí wọ́n pín sí yàrá méjì, C àti D. Mo ní kó kó gbogbo nǹkan sí D. Sólà la fi ń ṣiṣẹ́. Tí kùrukùru bá bo oòrùn, màá pa fáànù, màá máa làágùn, kí iná lè tó o. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, a kírun ọ̀sán tán, kò tíì parí. Nígbà tó parí, sùúrù mi náà ti parí. Mo ki fláàṣì Windows tuntun bọ̀ ọ́. Ó bi mí pé yàrá wo lòun máa wọ̀. Mo rí C, mo rí D, mo tún rí àwọn kéékèèké tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ìdọ̀tí. Mo pa gbogbo wọn rẹ́ kí ilẹ̀ lè mọ́.

Bí ẹni kó ẹrù ilé sí yàrá kejì, tó wá dáná sun ilé.

Windows wọlé dáadáa. Mo pe Bàbá mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n fi gíláàsì wọn sójú, wọ́n ní, "Ó mà yára."

"Mo ti sọ fún yín."

"Ọnà mi dà?"

Mo lọ ṣí D. Kò sí D.

Mo fi ohun tí wọ́n fi ń wá nǹkan tó sọnù wá a dọ́jọ́ kejì. Ó gbé àwòrán ewúrẹ́ kan wá, ewúrẹ́ tẹ́nikẹ́ni nílé wa ò mọ̀ rí. Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n ká gíláàsì wọn, wọ́n fi sápò. Wọ́n ní, "Ojú mi ò lè yà wọ́n mọ́."

Mo jókòó, mo ronú. Ibo ni ẹ̀dà míì wà? Ọ̀kan wà lórí Alhaji. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bolori.

Alhaji jókòó síwájú ilé wọn. Mo kí wọn dáadáa, mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fìlà yín."

"Èyí tó wà lórí mi?"

"Òun ni."

"Kọ̀ǹpútà tí kì í gbàgbé ńkọ́?"

"Ó gbàgbé díẹ̀."

"Báwo ni díẹ̀ ṣe tó?"

"Gbogbo ẹ̀."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n dá a padà kí Jímọ̀ tó dé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yà á, abẹ́rẹ́ sí abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn fìlà, nítòsí ojú rírán, mo rí òdòdó kan tó ní ewé méje. Mẹ́jọ mẹ́jọ ni ti àwọn tó kù. Mo ní ojú Bàbá ló fà á, mo bá wọn fi ọ̀kan kún un. Mo rán fìlà kan, mo gbé e fún wọn.

Wọn ò wò ó. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tọ ọnà náà yí ká, ó dé ẹ̀yìn, ó dúró.

"Kì í ṣe tèmi."

"Tiyín ni, Bàbá. Ewé kan ló kù níbẹ̀, mo tún un ṣe ni."

"Èmi ni mo yọ ọ́." Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń jí ọnà àwọn rán ní Gamboru ló máa ń fi ewé náà kún un. "Wọn kì í lè fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe ń mọ ọmọ mi láàárín ọmọ ẹlòmíì nìyẹn."

Mo lọ yọ ewé náà. Fìlà pé ogójì ní ọjọ́ kan ṣáájú ìgbéyàwó. Nígbà tí Alhaji wá kó wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Wọ́n wo Bàbá mi, wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Yauwa, ó dáa."

Ọnà kan ṣoṣo la rí gbà padà nìyẹn. Orí àwọn èèyàn káàkiri ìlú ni ìyókù wà. Ní gbogbo Jímọ̀, sàfú ẹ̀yìn ní mọ́ṣáláṣí ni mo máa ń dúró sí, kí n lè rí ẹ̀yìn orí. Tí mo bá rí ewé méje, màá tẹ̀lé onífìlà jáde, màá kí i bí àna mi. Mo ti yà mẹ́sàn-án padà báyìí, kò sí ẹlòmíì tó lè ṣe é ní Gamboru. Ẹ̀dà wọn wà nínú háàdì míì lábẹ́ ibùsùn Bàbá mi, ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ Alhaji. Bàbá mi ṣì ń bi mí lójoojúmọ́ pé ibo ni mo kó wọn sí.

Ìkẹwàá wà ní Dalori, ní àgọ́ àwọn tó sá kúrò lábúlé wọn. Onífìlà náà ní fìlà yẹn nìkan lòun mú jáde nílé, òun ò ní ṣí i lórí fún ẹnikẹ́ni, kí n yà á níbi tó wà. Mo fi fóònù yí orí ẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ka ewé ẹ̀yìn. Méje ni. Mo tún un kà.