Bàbá Lazhar Tó Ń Jowú Ẹyẹ

Ní Nefta, ìlú wa létí aṣálẹ̀, a ti rí ẹni tó ń jowú aládùúgbò, a sì ti rí ẹni tó ń jowú ràkúnmí aládùúgbò. Bàbá Lazhar nìkan ni mo mọ̀ tó jowú ẹyẹ tí kò wúwo tó bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni bàbá yìí ti ń gun igi dàbínù, ó sì ti pé mọ́kànléláàádọ́rin báyìí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le débi pé ẹ̀gún kan gún un lọ́dún kan, ẹ̀gún náà ló kígbe. Lọ́dọọdún, bí òdòdó akọ igi bá ti là, àwọn ọmọ àdúgbò á tẹ̀ lé e lọ sóko. Bàbá á gun abo igi, àwọn ọmọ á so ẹ̀ka òdòdó akọ mọ́ okùn nísàlẹ̀, òun á fà á sókè, á kì í bọ àárín òdòdó abo, á sì dì í pa. Igi tí wọn ò bá ṣe èyí fún, èso tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á yínmú sí ló máa so. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní igi tó ń bomi rin, tó sì fún lórúkọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Ọ̀gá Ilé-ìwé ni mo sọ tèmi, torí ó ga gan-an, kì í sì í so nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, òdòdó là, ọmọ kankan ò yọjú. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì náà kọjá. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ìyẹ̀fun òdòdó ti kú. Orúnkún Bàbá ò sì gbà á mọ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ mú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

"Níbo ni wọ́n wọlé sí?" ó bi mí.

"Ilé Ìyá Mabruka ni, Bàbá. Ẹyẹ Bu Habibi kan ń kọ́lé sí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn."

"Ẹyẹ?" Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Èmi tí mò ń fún wọn ní dàbínù jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti hu eyín, wọ́n fi mí sílẹ̀ torí nǹkan tí ológbò á fi panu?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ onírun àgùntàn, ó gba ilé Mabruka lọ. Mo tẹ̀ lé e, torí irú ìran yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ọmọ mọ́kànlá ló jókòó sílẹ̀, tí wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n dákẹ́. Ìyá tiwọn gan-an ò rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Lazhar," Mabruka rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá kí àlejò mi ni?"

"Àlejò rẹ? Ẹyẹ gbogbo ìlú lo sọ di tìrẹ?"

"Gbogbo ilé Nefta ló yẹ̀ wò, tèmi ló yàn. Ṣé mo so ó lókùn wá ni?"

"Eṣinṣin ló pọ̀ nílé rẹ! Torí oúnjẹ ló ṣe wá."

Ó yíjú sí Rihab, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó jẹ́ ọ̀gá wọn. "Igi rẹ ń dúró dè ọ́ bí ìyàwó tó múra tán tí ọkọ ò dé."

"Igi ò lè fò lọ, Bàbá," Rihab sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹyẹ lè fò lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá Bàbá lójú. Ó jókòó gbì. Kò tíì mí kanlẹ̀ tí Bu Habibi fi bà lé e léjìká, tó fi ẹnu fa irun ẹ̀wù rẹ̀ já, tó gbé e lọ fi kọ́lé.

"Ẹ má mira o!" ọmọ mọ́kànlá sọ ọ́ pọ̀.

Bàbá ò mira. Imú ń yún un, ikọ́ ń pè é, ó di òkúta. Ẹyẹ lọ, ẹyẹ bọ̀, ẹ̀ẹ̀meje. Àwọn ọmọ rọ̀gbà yí i ká bí ẹni tí ọba ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ló wá rọra ṣí ẹnu.

"Tó bá kọ́lé tán, kí ló máa fi bọ́ ọmọ? Kòkòrò abẹ́ igi wa ni. Ẹ jẹ́ kí ọgbà gbẹ, kí ẹ wá wò ó bóyá á dúró."

Rihab ronú. "Ọjọ́ mélòó ló kù fún òdòdó?"

"Méjì."

"Ó dáa. Ẹni mẹ́fà sí igi, ẹni márùn-ún á máa ṣọ́ ológbò. Lọ́sàn-án, ká pààrọ̀."

Bí wọ́n ṣe parí igi gbogbo nìyẹn. Àmọ́ àràárọ̀ ni Bàbá ṣì ń gbé ẹ̀wù òtútù wọ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, nígbà tí oòrùn mú débi pé alángbá ń wá bàtà yá. Mabruka fi kúbùsù irun méjì bora, ó jókòó, ó ń làágùn. Ẹyẹ fò ó kọjá.

"Kí ló wà lára àkísà yẹn tí kò sí lára tèmi?" ó bi wá.

"Ìyẹ̀fun òdòdó ọgọ́ta ọdún," Bàbá dáhùn, ó ń yan bí àkùkọ.

Ọmọ ẹyẹ mẹ́ta yọ. Inú Bàbá dùn fún odindi ọ̀sán kan, títí Rihab fi sọ pé òun ti yí orúkọ igi òun padà sí Bu Habibi.

Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí rẹ̀ pọ́n. "Kí ló dé tí kò lè jẹ́ Lazhar?"