Ohùn Inú Fúláàṣì

Kọ̀ǹpútà mi ti gbó, ó ń wọ́ bí ìgbín, ni mo bá ní kí n fi Línúùsì tó fúyẹ́ rọ́pò Wíńdòòsì orí ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Ṣàngó, ẹni tó fẹ́ bá mi kó o sínú fúláàṣì mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn kan wà níbí o, ṣé kí n pa á rẹ́?" Àdúrà tí màmá mi ṣe fún mi kó tó kú ni. Mo ní, "Pa á rẹ́ jàre, ó wà nínú kọ̀ǹpútà."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Línúùsì ò fi wọlé. Bó bá ti dé ìdajì, iná á lọ, bẹ́ẹ̀ bátìrì ti kú. Inú bí mi. Mo tẹ ibi tó ní kí n nu gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà kúrò. Mo ti gbàgbé ohun tí mo sọ ní Ṣàngó; mo ní ohùn màmá ṣáà wà nínú fúláàṣì.

Kọ̀ǹpútà ń sáré báyìí. Kò kúkú sí ẹrù kankan lórí ẹ̀ mọ́.