Ìbò Márùn-ún fún Ọmọ Wa

Nígbà tí mo ń gbé ní Kreuzberg, ní Berlin, ìbò àdúgbò kò le rárá: àmì ẹyọ kan, fún ẹgbẹ́ tó bá wù ọ́, ó parí. Ìgbà tí mo kó wá sí Osdorfer Born, ní Hamburg níbí, ni mo tó rí ètò tuntun. Ìwé ìdìbò àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi gbòòrò débi pé mo fi bora sùn, ó sì tún kù tí mo fi bo fèrèsé. Àmì márùn-ún ni wọ́n ní ká fi sí ìwé ti àdúgbò wa. O lè kó márààrún fún ẹnì kan, o sì lè pín in káàkiri. Bí ìbò ẹgbẹ́ kan bá ṣe pọ̀ tó ni àga rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò ṣe máa pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹni tí àmì tirẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà ló máa jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, torí pé ọmọbìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ń díje. Wọ́n fẹ́ ti yàrá ńlá ìsàlẹ̀ ilé wa pa, níbi tí àwa àgbàlagbà ti ń mu tíì. Ó ní òun máa lọ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pinnu rẹ̀. Àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bàbá Òyìnbó kan tó ti pẹ́ nínú ìgbìmọ̀ ló wà lókè nínú ẹgbẹ́ kan náà. Èèyàn dáadáa ni. Kìkì pé bí a bá ti bi í nípa yàrá wa, á ní ká ṣì máa wò ó.

Nígbà tí ìbò kù díẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, mo bi Ìyá Ìjọ, ẹni tí gbogbo àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń wò kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, bó ṣe fẹ́ dìbò. Ó ní mẹ́ta fún bàbá tó wà lókè, méjì fún ọmọ wa.

"Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ fún bàbá yẹn?"

"Ṣé kí n fo àgbà dá, kí n lọ kí ọmọdé? Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nílé nìyẹn?"

Àwọn ìyá tó yí i ká ń mi orí. Mo mọ̀ pé ọmọ wa ti wọ gàù. Mo fa àga, mo jókòó. Mo ní àgbà Jámánì kì í gba ìbò tí kò fẹnu ara rẹ̀ tọrọ. Mo ní ní Harburg, àwọn kan fún bàbá kan ní mẹ́ta mẹ́ta, inú bí i, ó gun kẹ̀kẹ́ kiri ilé wọn, ó ń dá ìbò padà. Nígbà tó dé odò Elbe, kò wá afárá, ó gun kẹ̀kẹ́ náà kọjá lórí omi.

"Lórí omi?"

Mo ní omi ti dì. Ó bi mí pé ṣé inú ooru kọ́ ni wọ́n ń dìbò ni.

"Ìyá, ẹ ò tíì mọ òtútù Harburg."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú. Ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ bí mo bá lè pa irọ́ tó tó báyìí nítorí ọmọ yẹn, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ó yíjú sí àwọn ìyá.

"Márààrún fún ọmọ wa."

Àga kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wọn rí ládùúgbò wa. Ọmọ wa ló jókòó sí i. Bàbá Òyìnbó kò wọlé. Wọn ò ti yàrá náà pa. Bàbá ọ̀hún, nígbà tí kò ní ìpàdé lọ mọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa mu tíì. Ojú ń ti àwọn ìyá, wọ́n ń kí i lákìítúnkí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi mí bóyá mo dìbò fún òun. Mo ní mo fún un ní ọ̀kan. Ó wò mí, ó wo gbogbo yàrá yíká.

"Gbogbo yín lẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ló wí. "Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ṣé mo máa ráyè jókòó síbí lọ́sàn-án yìí?"

Ìyá Ìjọ fi puff-puff méjì kún tinú àwo bàbá náà.