Kàsímù, Ẹni Tó Ń Fi Ṣíbí Òyìnbó Rọ Òrùka

Kàsímù Olúsànyà kò jí ẹja ẹnikẹ́ni ní Ajah, kò gba ìyàwó oníyàwó. Ṣíbí ló rọ di òrùka. Síbẹ̀, lọ́dún 1975, ó ku díẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lé e wọnú ọ̀sà bí ẹni ń lé eku.

Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń kó kúrò ní Ìkòyí, ẹrù wọn ju ọkọ̀ lọ. Àwọn kúkù wọn ló jogún ṣíbí àti fọ́ọ̀kì fàdákà tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Kàsímù, tó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, a máa wọkọ̀ ojú omi lọ rà wọ́n. Tó bá délé, yóò gé orí ṣíbí kúrò, yóò ki ibi tí à ń dì mú bọ iná èédú títí tí yóò fi pọ́n, yóò rì í sómi, yóò wá fi òòlù onígi lù ú yí ọ̀pá irin ká, díẹ̀díẹ̀. Òdòdó tí Òyìnbó fín sídìí ṣíbí ni yóò wá jókòó sórí ìka èèyàn. Ó dára débi pé apẹja tó bá wọ ọ̀kan kì í fẹ́ tọwọ́ bomi mọ́. Ẹja á sì fi ọjọ́ yẹn sùn fọnfọn. Nígbà tí ọkùnrin Mùsùlùmí kì í sì í wọ góòlù, ìsọ̀ Kàsímù ni gbogbo wọn ń dà sí.

Àlhájì Tájù, Bàbá Àdínní mọ́sálásí àdúgbò, náà débẹ̀. Ó lọ sí Mẹ́kà, ó ra rédíò, ó ra aṣọ, ó ra kẹ́tùlù mẹ́ta, ó gbàgbé òrùka. Kó tó kí àwọn ìyàwó rẹ̀ tán, ó ti wà lọ́dọ̀ Kàsímù.

"Bá mi ṣe ọ̀kan tó ń dán. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ o."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún, Àlhájì?"

Kò sì sọ. Àlhájì ló ń sọ. Ó ní àgbà kan ló fi òrùka náà lé òun lọ́wọ́ ní Mẹ́kà. Kí oṣù tó parí, àgbà kan ti di àgbà mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń sunkún.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ kan ni Sùlè apẹja ti na ọwọ́ tirẹ̀ síwájú. "Àlhájì, ẹ wò ó, òrùka wa jọra bí ìbejì. Àbí Kàsímù náà ti lọ sí Mẹ́kà ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àlhájì ò rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó dìde ní mọ́sálásí.

"Ẹ̀yin èèyàn, kí ni Òyìnbó fi ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀? Ṣé ọwọ́ ni? Ṣíbí ni. Òun lẹ wá kì bọ̀ka, tẹ́ ẹ fi ń kírun."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kántankàntan. Ṣíbí tó ti pọ́n nínú iná lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọ́n ti fi òòlù lù bí olè, ìdọ̀tí wo ló kù lára rẹ̀? Ẹnìkan ò béèrè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń ju òrùka sọ́sà, títí tí ẹja Ajah fi lówó ju àwọn apẹja ibẹ̀ lọ. Sìlífátù, ìyàwó Kàsímù, gbé ẹja yíyan dé ọjà, wọ́n ní ó ń rùn bí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó sì sọ bẹ́ẹ̀ ò rí ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́ta, òrùka kan ò tà. Ogún ọdún ni Kàsímù fi kọ́ orúkọ. Wáàsí ìṣẹ́jú kan ló wó o. Ó ti ń di òòlù rẹ̀ sínú àpò, ó fẹ́ kó lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Àlhájì ń ṣa ẹja àrọ̀ nínú agbọ̀n, ẹ̀gún rẹ̀ gún un nídìí ìka tí òrùka wà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìka ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ọṣẹ kọ̀, epo kọ̀. Nọ́ọ̀sì ní bí wọn ò bá tètè gé òrùka, ìka ni wọn yóò gé. Ta ló sì ní ayùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ajah? Wọ́n ránṣẹ́ sí Kàsímù.

"Bàbá Sìdíkàt, ẹ má lọ o," Sìlífátù wí. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Mẹ́kà wá gé e."

"Ìka ni, Sìlífátù. Ìka kọ́ ló ṣe wáàsí."

Ó bá èrò rẹpẹtẹ níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó yẹ òrùka wò bí ẹni tí ò rí i rí.

"Àlhájì, ẹ dákun, fàdákà ibo nìyí? Ti Mẹ́kà le ju ti ṣíbí lọ. Bí mo bá fi ayùn tí mo fi ń gé ti Mẹ́kà gé ṣíbí, egungun ló máa bá a dé o."

Ayùn kan péré ló wà nínú àpò rẹ̀.

Àlhájì wo nọ́ọ̀sì, ó wo èrò, ó wo ìka. "Ṣíbí ni."

"Etí mi ọ̀tún ò gbọ́ dáadáa, sà."

"Mo ní ṣíbí ni. Kàsímù, ṣé ìwọ kọ́ lo ṣe é ni?"

Ó gé e. Ayùn ò ha ìka náà rárá.

Ẹ rò pé wọ́n wá bẹ̀ ẹ́? Lọ́jọ́ kejì, Sùlè ló kọ́kọ́ dé, ó fẹ́ òmíràn dípò èyí tó jù sọ́sà. Àwọn tó tẹ̀lé e ní Kàsímù ló jẹ̀bi, pé kí ló dé tí kò tètè sọ̀rọ̀. Kàsímù ti ilẹ̀kùn ìsọ̀.

"Ibi tí wọ́n ti ba orúkọ mi jẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tún un ṣe."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlhájì dìde pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, ó da Lárúbáwá sílẹ̀ bí òjò oṣù kẹfà, ó jókòó. Àwọn èèyàn ṣe àmín sí ohun tí wọn ò gbọ́. Kàsímù dìde.

"Bàbá Àdínní, Yorùbá lẹ fi bà mí jẹ́. Mo ń dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Lémọ́mù wo àjà. Ẹnìkan wúkọ́. Àlhájì bá sọ ọ́ láìdìde: "Òrùka Kàsímù mọ́. Mo parọ́ mọ́ ọn. Òun náà ló ṣe tèmi."

Ní Sátidé, ìró òòlù tún ń dún ní ìsọ̀. Àwọn tó ju tiwọn sọ́sà tò síwájú rẹ̀. Kàsímù ní ẹni tó kọ́kọ́ jù ú ni yóò gbà gbẹ̀yìn. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, ẹnìkan ò jẹ́wọ́ pé òun ló kọ́kọ́ jù ú.